Ṣíṣí Òrùlé Bọ́ọ̀sì Alájà Méjì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Wọ́kìṣọ́ọ̀bù

Ìwé iṣẹ́ tó dé ọwọ́ wa kò ju ìlà mélòó kan lọ: ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ ṣí òrùlé rẹ̀ kí àwọn èrò lè máa wo ìlú láti òkè, ẹ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí á rò pé gígé òrùlé ni iṣẹ́ náà. Gígé kọ́ ni iṣẹ́. Òrùlé wà lára egungun bọ́ọ̀sì. Bí o bá yọ ọ́, o gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, nǹkan ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ wúwo ju ohun tí o yọ lọ. Gbogbo ìpinnu tí a ṣe, látorí bóòtì dé orí ìjókòó, orí nǹkan méjì yìí ló dúró lé: kí bọ́dì má ṣí, kí òkè má wúwo.

Leyland Olympian ni bọ́ọ̀sì náà. Ọdún 1980 ni Leyland, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú rẹ̀ jáde láti rọ́pò Atlantean àti Bristol VR, àwọn bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó yá iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Volvo, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 2000. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, tiwa sì jẹ́ Gardner 6LXB. Àpò afẹ́fẹ́ ló ń gbé bọ́dì rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ló ń ti bíréèkì, fóòtì (volt) 24 sì ni iná rẹ̀. Irin ni ṣáásì, férémù ìsàlẹ̀ tó gbé bọ́dì, alumíníọ́mù ni àwọn òpó bọ́dì. Kí ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn.

1. Yíyan èyí tó yẹ

Bọ́ọ̀sì mélòó kan ló tò sẹ́yìn ọgbà, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò rà wọ́n ní irin àjákù. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán ni gbogbo èèyàn nawọ́ sí. A ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òòlù kékeré àti síkúrúdíráfà wádìí rẹ̀ wò.

Ibi tí ó yẹ kí a kàn kò pọ̀: ìdí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ihò táyà ẹ̀yìn níbi tí táyà ti ń ta ẹrọ̀fọ̀ sókè, abẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì, àti ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan níbi tí alumíníọ́mù ti jókòó lé irin. Níbi tí òòlù bá ti dún gooro, ara ibẹ̀ le. Níbi tí ohùn rẹ̀ bá ti kú, a ó ti síkúrúdíráfà bọ̀ ọ́. Ní ara bọ́ọ̀sì tó ń dán yẹn, síkúrúdíráfà wọlé títí dé èèkù rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òpó lápá òsì, ìyẹ̀fun funfun sì ń dà jáde. Àmì alumíníọ́mù tí a ti jẹ tán nìyẹn. Bí irin àti alumíníọ́mù bá fara kanra, tí omi ẹrọ̀fọ̀ tàbí omi iyọ̀ sì dúró sáàárín wọn, iná kékeré á máa ṣàn láàárín àwọn méjèèjì bíi ti inú bàtìrì, alumíníọ́mù ló sì máa ń fi ara rẹ̀ dí i. Irin á dúró, èyí tó jókòó lé e lórí á máa di ìyẹ̀fun lábẹ́ ọ̀dà. Ohun tí ojú lè rí lóde kò ju kí ọ̀dà wú díẹ̀ lọ.

Èyí tí a mú níkẹyìn kò lẹ́wà rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti họ, gíláàsì iwájú ti là, ṣùgbọ́n gbogbo òpó rẹ̀ dún gooro àyàfi méjì lẹ́yìn, àwọn méjì yẹn sì wà níbi tí ọwọ́ lè dé. Èyí tó ń dán di bọ́ọ̀sì tí a ń tú nǹkan lára rẹ̀. Láti ara rẹ̀ la ti rí gíláàsì iwájú, orí ẹ́ńjìnnì kan, àti páànù ẹ̀gbẹ́ tí a fi dí ojú tó họ.

Ẹnìkan béèrè ìdí tí a kò fi gbé bọ́dì kúrò lórí ṣáásì kí iṣẹ́ lè rọrùn. Ní Aldenham, wọ́kìṣọ́ọ̀bù ńlá tí àwọn bọ́ọ̀sì London ti ń gba àtúnṣe láti 1956 títí wọ́n fi tì í ní 1986, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bọ́dì á gba ọ̀nà tirẹ̀, ṣáásì á gba tirẹ̀, bọ́dì sì lè má padà sórí ṣáásì tó bá wá, torí pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn. Àwọn irinṣẹ́ tó ń gbé bọ́dì dúró déédéé níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Bọ́dì tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ṣáásì kan ti mọ ibi tó ń jókòó sí. A fi í síbẹ̀.

2. Ìwọ̀n, kí a tó tú ohunkóhun

Kí a tó tú bóòtì kan, a wọn ọkọ̀ náà lórí òṣùwọ̀n, táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ṣófo àti tánkì epo tó kún dé ìdajì. A kọ iye rẹ̀ sára ògiri wọ́kìṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti àjà òkè kúrò gbọ́dọ̀ gba orí òṣùwọ̀n kékeré kọjá, ohunkóhun tó bá sì gorí àjà òkè gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé a ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ irú pílawúùdù tí a ó tẹ́ sílẹ̀ àti irú ìjókòó tí a ó lò, ògiri yẹn ló ń parí àríyànjiyàn.

Títú fúnra rẹ̀ kò le. Ìjókòó ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ọ̀pá ìdìmú, iná, ìbòrí inú òrùlé, kí gíláàsì tó tẹ̀ lé e. Wáyà nìkan ni kí a má kánjú sí. Wáyà kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà lórí téèpù kí a tó já a, a sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ti la ọwọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná kọjá, àwọ̀ wáyà kò sì jẹ́ ẹ̀rí mọ́.

Nǹkan méjì ló ní ewu níbi títú. Àkọ́kọ́ ni aṣọ tí wọ́n fi ń yí páìpù èéfín àti àyíká ẹ́ńjìnnì ká, pẹ̀lú bàtà bíréèkì àtijọ́: asbestos, okùn òkúta tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, lè wà nínú wọn. A kò fi afẹ́fẹ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ibẹ̀, a kò fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. A fi omi rin ín, a dì í sínú ọ̀rá méjì, a sì fún àwọn tó ní àṣẹ láti kó o lọ. Èkejì ni ọ̀dà àtijọ́ tí òjé lè wà nínú rẹ̀. A kò lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, omi la fi ń ha á. Èyí fa iṣẹ́ gùn gan-an, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gé e kúrú.

3. Dídè kí gígé tó bẹ̀rẹ̀

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ẹ wo bí àjà òkè ṣe dúró. Òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì gòkè láti ilẹ̀ àjà òkè, wọ́n kọjá abẹ́ fèrèsé, egungun òrùlé sì so orí wọn pọ̀. Bí a bá yọ egungun òrùlé, òpó kọ̀ọ̀kan á di ọ̀pá tó dá dúró. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fẹ́ ṣí síta, pàápàá bí èrò bá fara ti etí. Bí táyà kan bá sì bọ́ sínú kòtò tí èkejì wà lókè, bọ́dì á máa lọ́, torí pé kò sí ohun tó dè é lórí mọ́.

Ètò tí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a fi ọ̀pá ìdábùú de òpó ọ̀tún mọ́ ti òsì láti inú, ká gé òrùlé, ká wá so ọ̀pá gígùn yí etí ká lẹ́yìn náà. Ọ̀pá gígùn yìí là ń pè ní ìgbànú, torí ìbàdí ló ń gbà. A fa okùn láti iwájú dé ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì kọ fífẹ̀ bọ́dì níbi òpó kọ̀ọ̀kan sára ògiri. Lẹ́yìn náà la yọ egungun òrùlé méjì tó kẹ́yìn láti fi dán an wò. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, bọ́dì ti fi mìlímítà 9 ṣí níbi òpó tó kẹ́yìn, ilẹ̀kùn pàjáwìrì ẹ̀yìn àjà òkè sì ti há, kò ṣeé ṣí mọ́. Ọ̀pá ìdábùú kò ṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ òpó ló ń yọ̀, torí bóòtì kan ṣoṣo ló wà ní orí kọ̀ọ̀kan, òpó sì ń yí lórí bóòtì náà.

A fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù fà á padà díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n fi bá ti ara ògiri mu, a dá egungun méjèèjì padà, a sì dojú ètò rú: ìgbànú á kọ́kọ́ wọlé, gígé á tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí a ó fi ṣe ìgbànú. Ọ̀gá wẹ́dà wa fẹ́ irin, torí ó rọrùn láti jó pọ̀, ó sì le. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n irin wúwo tó alumíníọ́mù lọ́nà mẹ́ta, etí àjà òkè sì ni ibi tó burú jù lọ láti kó ìwúwo sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin lórí òpó alumíníọ́mù ni àìsàn tí a rí nídìí òpó bọ́ọ̀sì tó ń dán yẹn, tí a tún fẹ́ gbé lọ sókè níbi tí òjò á ti máa rọ̀ sí i tààrà. Ẹ̀sùn tó wà lórí alumíníọ́mù ni pé bí ìwọ̀n bá dọ́gba, ó ń tẹ̀ lọ́nà mẹ́ta ju irin lọ. Ìbú ọ̀pá ló yanjú ìyẹn. Bí a bá sọ ìbú ọ̀pá oníhò di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ láti kọ títẹ̀ sí ìhà náà á ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. A mú ọ̀pá alumíníọ́mù oníhò tó jẹ́ mìlímítà 100 sí 50, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 4, a sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ìbú 100 lè kọjú sí ìta, torí ìta ni ẹ̀gbẹ́ ń fẹ́ ṣí sí. Àǹfààní kan tún bá a wá: ọ̀pá tó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣeé gbé ìgbọ̀nwọ́ lé.

Ìgbànú nìkan kò tó. Ní ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan lórí àjà òkè, a fi àwo onígun mẹ́ta so òpó mọ́ igi ìdábùú ilẹ̀. Àwo yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí egungun òrùlé ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ kí òpó ṣubú síta. Bóòtì mẹ́rin ló wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan, kí òpó má baà tún yí lórí bóòtì kan bíi ti àkọ́kọ́. Níbi tí bóòtì irin bá ti gba inú alumíníọ́mù kọjá, a fi wáṣà náílọ́ọ̀nù àti ọ̀dà adènà sí i kí wọ́n má fara kanra.

Òpó ẹ̀yìn méjì tí ìdí wọn ti jẹ ni a gé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mìlímítà sókè, a fi òpó tuntun rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú àwo tó gba inú àti ìta. Nígbà tí wẹ́dà fẹ́ jó apá ṣáásì tó wà lábẹ́ wọn, a kọ́kọ́ yọ bàtìrì, a sì já wáyà ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ọkọ̀. Wẹ́dà tó gbàgbé èyí lè jó gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ọkọ̀.

4. Gígé

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, gígé kò gba àsìkò. A fi dírílì yọ orí rífẹ́ẹ̀tì páànù òrùlé, a ká páànù kúrò, egungun nìkan ló kù. A fi kíréènì di apá kọ̀ọ̀kan mú kí a tó gé e. Apá mẹ́ta la pín òrùlé sí, a kò gbé e kúrò lẹ́ẹ̀kan, torí òrùlé gígùn tí ìdè rẹ̀ ti já á tẹ̀ lójú kíréènì, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí yóò fì sí.

A kò gé iwájú. Gíláàsì iwájú àjà òkè àti egungun òrùlé àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń dáàbò bo àwọn tó jókòó níwájú lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ó tún di orí ìgbànú mú níwájú. Lẹ́yìn, a fi páànù tó le dí ibi tí gíláàsì ẹ̀yìn wà, ó sì di ìgbànú mú níhìn-ín pẹ̀lú. Báyìí, ìgbànú wà lórí nǹkan méjì tí kì í ṣí: iwájú àti ẹ̀yìn.

A tún wọn okùn. Níbi tó ṣí jù, ó fi mìlímítà 1 yàtọ̀ sí ohun tó wà lára ògiri. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pariwo ayọ̀.

5. Omi

Òrùlé ti lọ, ilẹ̀ àjà òkè ló wá di òrùlé àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báyìí ti ń bàjẹ́ nìyí. Ọkọ̀ á dára lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, lẹ́yìn àkókò òjò kan, pílawúùdù á ti wú, omi á máa kán sórí èrò ìsàlẹ̀, òpó tí wọ́n tún ṣe á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

A kó gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ kúrò. Pílawúùdù tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú omi, nínípọn mìlímítà 12, la tẹ́. Kí a tó tẹ́ ẹ, a fi ọ̀dà kun etí gbogbo pátákó, torí etí lomi ń gbà wọlé, kì í ṣe ojú. Lórí rẹ̀ la lẹ rọ́bà tí kì í yọ̀, a sì fà á gun ẹ̀gbẹ́ ògiri ní mìlímítà 100, kí igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri má ní ojú ìsopọ̀ kankan. Etí tó gun ògiri yẹn wọ abẹ́ páànù ẹ̀gbẹ́, omi tó bá ṣàn láti ara páànù á bọ́ sórí rọ́bà, kò ní bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà àbájáde omi gba àríyànjiyàn. Ibi tó rọrùn jù láti gbà ni inú òpó, torí òpó ní ihò, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ tààrà. A kọ̀. Omi tí a fi ránṣẹ́ sínú òpó alumíníọ́mù á dé ìdí rẹ̀ níbi tó ti jókòó lé irin, ibẹ̀ gan-an la sì ń sá fún. Páìpù ìta la lò, tí ojú lè rí, tí ó gba igun ẹ̀yìn méjèèjì sọ̀kalẹ̀, tí ó sì dà síta lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn táyà. Bí ewé bá dí i, ọwọ́ lè dé e. Ọkọ̀ náà rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lórí àpò afẹ́fẹ́, omi á sì máa lọ sí ibi tí ihò wà.

Àtẹ̀gùn: ihò rẹ̀ ti di kànga tí òjò ń rọ̀ sí. A fi àlà tó ga ní mìlímítà 80 yí orí rẹ̀ ká, a sì ṣe ilẹ̀kùn fífúyẹ́ tó ṣeé tì nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ibùdó. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, òjò díẹ̀ á ṣì wọlé, ilẹ̀ ìdí àtẹ̀gùn sì ní ihò tirẹ̀ fún èyí.

Kí a tó so ìjókòó, a fi ọ́ọ̀sì rin àjà òkè fún ìdajì wákàtí, ẹnì kan sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi kán níbi iná àárín àjà ìsàlẹ̀. Ó ń wọlé láti ihò bóòtì ìjókòó tí wọ́n ti gbẹ́ gba inú rọ́bà. A yí ọ̀nà ìjókòó padà: ẹsẹ̀ ìjókòó wà lórí ọ̀pá gígùn méjì tí bóòtì wọn gba inú wáṣà rọ́bà, ihò ilẹ̀ sì dín kù gan-an. A tún rin ín. Kò kán mọ́.

Iná, bẹ́ẹ̀lì àti gbohùngbohùn àjà òkè ni a fi irú èyí tí omi kì í wọ̀ rọ́pò, a sì fún wọn ní fíùsì tiwọn kí wàhálà òkè má pa iná ìsàlẹ̀.

6. Ẹ́ńjìnnì

Wọ́n kọ́kọ́ bi wá bóyá kí a fi ẹ́ńjìnnì tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ Routemaster, bọ́ọ̀sì alájà méjì àtijọ́ ti London, ló gba ẹ́ńjìnnì Cummins tàbí Iveco, wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mìíràn túmọ̀ sí ìjókòó ẹ́ńjìnnì mìíràn, rédíétọ̀ mìíràn, ọ̀nà tí yóò gbà bá gíábọ́ọ̀sì mu, àti ìwọ̀n tuntun lẹ́yìn ọkọ̀. Gardner tó wà níbẹ̀ kò tíì kú.

Sílíńdà mẹ́fà ni 6LXB, lítà 10.45 lápapọ̀. Fífẹ̀ sílíńdà jẹ́ mìlímítà 120.65, ìrìn písítìnnì jẹ́ mìlímítà 152.4, ó sì ń fún ni ní agbára ẹṣin 180 nígbà tó bá ń yí ní 1,850 ní ìṣẹ́jú kan. Kì í sáré, kì í gbóná àìnídìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kó pẹ́ láyé. Sílíńdà rẹ̀ wà ní búlọ́ọ̀kù méjì, mẹ́ta mẹ́ta, orí méjì sì ni. Èyí jẹ́ àǹfààní fún wa, torí orí ẹ̀yìn nìkan ló ní àìsàn: gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jẹ, omi ti ń wọnú ọ́ìlì. Orí iwájú mọ́.

A gbé e jáde láti ẹ̀yìn. A fi ọ̀pá títọ́ àti fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo kékeré) wọn ojú orí ẹ̀yìn, ó ti tẹ̀. Orí ti bọ́ọ̀sì tó ń dán la fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gé ojú rẹ̀ dọ́gba. Ríìnì (òrùka písítìnnì) tuntun, bẹ́ríìnì tuntun, a wọn kíránkì, ó ṣì wà nínú ìwọ̀n. Nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò, mẹ́ta nínú wọn ń kán dípò kí wọ́n fọ́n.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tó fẹ́ fọ ẹ́ńjìnnì yìí: kíráńkéèsì Gardner, ilé tí kíránkì wà nínú rẹ̀, jẹ́ alumíníọ́mù. Kósítíìkì sóódà tí à ń fi fọ búlọ́ọ̀kù irin á jẹ ẹ́. Dírọ́ọ̀mù kósítíìkì ti wà nílẹ̀, kíráńkéèsì ti so mọ́ kíréènì, kí ọ̀gá ẹ́ńjìnnì wa tó dá wọn dúró. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì la lò, ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó mọ́. Nítorí alumíníọ́mù kan náà, a kì í fún bóòtì inú rẹ̀ ní agbára ọwọ́, sípánà tó ń wọn agbára ni, díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí etí.

Nígbà tí a dá a padà, a kò kọ́kọ́ ta á. Pọ́ǹpù epo Gardner ní ọ̀pá kékeré fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ láti lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú epo. Lẹ́yìn náà, a di ọ̀pá ìpaná mú sípò pípa, a fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì títí géèjì ọ́ìlì fi dìde. Ìgbà yẹn la tó jẹ́ kó jó. Èéfín funfun jáde fún ìgbà díẹ̀, ó mọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń lu jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ti wa bọ́ọ̀sì onígardner rí mọ ohùn tí mò ń sọ.

Ní ti owó, ẹ́ńjìnnì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a rà: ríìnì, bẹ́ríìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì, àti owó ìdánwò nọ́súlù. Ṣùgbọ́n bí a bá ka wákàtí iṣẹ́, kò tó ìdajì ohun tí ìgbànú àti ilẹ̀ àjà òkè gbà. Kí ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó má wo iye ohun rírà nìkan.

7. Afẹ́fẹ́, bíréèkì, táyà

A ṣí gbogbo tánkì afẹ́fẹ́, omi àti ọ́ìlì dúdú jáde nínú méjì nínú wọn, àmì àìsàn kọ́ńpúrẹ́sọ̀ sì nìyẹn: ríìnì rẹ̀ ti jẹ. A tún un ṣe. Bàtà bíréèkì tuntun tí kò ní asbestos, gíríìsì tuntun fún ọ̀pá tó ń tún bíréèkì ṣe, páìpù rọ́bà tuntun gbogbo. Lẹ́yìn náà, a fa afẹ́fẹ́ dé òkè géèjì, a pa ẹ́ńjìnnì, a sì fi omi ọṣẹ rin gbogbo ojú ìsopọ̀. Ibi tó ń hó là ń dì.

Nọ́ọ̀tì táyà: lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì ń yí sí òdìkejì. Kí ẹ wo àmì orí rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀pá gígùn sí i. A dì wọ́n pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára ní ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀.

Ọ̀dà kò gba ọ̀rọ̀. Ọ̀dà adènà lórí alumíníọ́mù, àwọ̀ méjì, ó tán.

8. Fífì sẹ́gbẹ̀ẹ́

A wọn ohun tó wà lára ògiri pọ̀. Ohun tí a yọ lókè àjà òkè, òrùlé, gíláàsì, férémù, ilẹ̀ àtijọ́ àti ìjókòó àtijọ́, ju ohun tí a fi kún un lọ ní kílò 170. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe ìdánwò.

Ìlànà 107 ti àjọ UN lórí bọ́ọ̀sì sọ pé alájà méjì gbọ́dọ̀ lè fì dé dígírì 28 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì láì dojú dé, pẹ̀lú ẹrù lórí àjà òkè. A gbé e lọ síbi tí pẹpẹ ìdánwò wà. Àpò iyanrìn tó wọ̀n bí èèyàn kan wà lórí ìjókòó òkè kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ṣófo, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa burú jù. A ti fáàfù tó ń gbé àpò afẹ́fẹ́ dúró sójú kan, kí ó má baà máa fẹ́ gbé ẹ̀gbẹ́ tó wálẹ̀ padà sókè nígbà ìdánwò. Wọ́n fi ṣéènì tó dẹ̀ de ọkọ̀ náà mọ́ pẹpẹ, kí ó lè di í mú bí ó bá fẹ́ lọ.

Pẹpẹ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní dígírì 20, àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ pátápátá. Ní 25, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ó dé 28, táyà ẹ̀gbẹ́ òkè kò tíì gbéra kúrò lórí pẹpẹ, ṣéènì sì ṣì dẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Èsì kan náà. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ wa, a tún wọn fífẹ̀ bọ́dì níbi òpó kọ̀ọ̀kan: kò yí padà.

Ohun kan tí ìwọ̀n gíga ọkọ̀ kò sọ. Bọ́dì ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ orí èrò ló wà lókè báyìí, kì í ṣe páànù. Ẹ̀ka igi tó kàn ń ha òrùlé tẹ́lẹ̀ lè gbá èèyàn lójú. Kí ọkọ̀ tó gba èrò, awakọ̀ àti ẹnì kan tó jókòó lókè pẹ̀lú ọ̀pá tí a wọn gíga rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà náà, wọ́n ń kọ ẹ̀ka, wáyà àti afárá sílẹ̀. A tún ọ̀nà náà ṣe níbi méjì kí a tó fọwọ́ sí i, a sì kọ ọ́ sí orí àtẹ̀gùn pé kí ẹnikẹ́ni má dìde nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ.

Ìtọ́jú tó wà nínú ìwé ọkọ̀ báyìí: nọ́ọ̀tì táyà ni kí a tún wọ̀n lẹ́yìn kìlómítà 80, omi tánkì afẹ́fẹ́ ni kí a máa tú lójoojúmọ́, páìpù òjò ẹ̀yìn méjèèjì ni kí a máa yẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó jáde, bóòtì àwo onígun mẹ́ta ni kí a máa fi ọwọ́ kàn àti sípánà wọ̀n ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì, fífẹ̀ bọ́dì níbi òpó kọ̀ọ̀kan ni kí a sì máa wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a fi wé nọ́ńbà tó wà lára ògiri. A ti fi ọ̀dà kọ àwọn nọ́ńbà náà dípò ṣọ́ọ̀kì.